Ṣé gbogbo ewéko ló ní gbòǹgbò, ọ̀pá àti ewé?

Bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ya ewéko sínú ìwé rẹ̀, ohun mẹ́ta ni kì í gbàgbé: gbòǹgbò nísàlẹ̀, ọ̀pá láàárín, ewé lókè. Ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì kọ́ olùkọ́ náà nìyẹn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ yìí kan náà á wá bá ìbéèrè kan pàdé nínú ìdánwò: “Gbogbo ewéko ló ní gbòǹgbò, ọ̀pá àti ewé. Òótọ́ ni tàbí irọ́?” Á fi ìdánilójú kọ “òótọ́”, wọ́n á sì fa igi sí i. Bó bá délé tó fi han àwọn òbí rẹ̀, àwọn náà á ní olùkọ́ ló ṣì í.

Olùkọ́ kò ṣì í. Ewéko tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pọ̀ jù lóòótọ́, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ewéko ló wà tí kò ní ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí kò ní méjì, àní tí kò ní ìkankan rárá. Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú lójú èèyàn ni pé ọ̀nà méjì ni ewéko fi ń jẹ́ aláìní. Àwọn kan wà tí ìran wọn kò ní in rí látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí àwọn babańlá wọn ní in, àmọ́ tí àwọn fúnra wọn ti pàdánù rẹ̀. Ẹni tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní yé e délẹ̀.

Kí ló ń sọ nǹkan di gbòǹgbò, ọ̀pá tàbí ewé?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò ló ń di ewéko mú sójú kan, òun ló sì ń fa omi àti àwọn èròjà inú ilẹ̀ mu. Ewé ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ tí ewéko ń jẹ. Ọ̀pá ni mo máa pe apá tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ìbáà jẹ́ ìtì igi ńlá, ìbáà sì jẹ́ pòpórò tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló ń gbé ewé sókè síbi tí oòrùn wà, inú rẹ̀ ni omi ń gbà gòkè, inú rẹ̀ náà ni oúnjẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ nìkan kò tó ṣá, torí nǹkan lè ṣe iṣẹ́ gbòǹgbò kó má sì jẹ́ gbòǹgbò. Inú nǹkan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko máa ń wò, ohun tí wọ́n sì ń wá níbẹ̀ ni iṣan. Nínú gbòǹgbò, ọ̀pá àti ewé tòótọ́, oríṣi iṣan méjì ló máa ń rìn pọ̀: ọ̀kan ń gbé omi, èkejì ń gbé oúnjẹ. Àwọn ìlà tó yọ sókè tí ọwọ́ máa ń bà lẹ́yìn ewé, iṣan yẹn ni wọ́n. Láti inú gbòǹgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú ọ̀pá kọjá, ó sì dé etí ewé láìjá. Ewéko tí kò bá ní iṣan yìí kò lè ní gbòǹgbò, ọ̀pá tàbí ewé tòótọ́, bó ti wù kí ohun tó wà lára rẹ̀ jọ wọ́n tó.

Olú ńkọ́? Ohun tútù inú òkun ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn gan-an ni kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olú kì í ṣe ewéko. Kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ara nǹkan mìíràn ló ti ń rí oúnjẹ tirẹ̀. Kelp, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń hù nínú òkun tó tutù, lè gùn tó mítà 40. Ó ní ohun tó fi di òkúta mú nísàlẹ̀, ó ní ohun gígùn láàárín, ó sì ní pẹlẹbẹ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ewéko ni, ṣùgbọ́n ìran tirẹ̀ jìnnà sí ìran igi àti koríko. Ewéko gidi tí kò ní gbòǹgbò là ń wá, wọ́n sì pọ̀.

Àwọn tí kò ní in rí

Ẹ wo òkúta tó wà lábẹ́ ibòji létí odò, tàbí ògiri àtijọ́ tí omi máa ń kán sí. Nǹkan múlọ́múlọ́ kan tó ní àwọ̀ ewé máa ń bò ó. Moss nìyẹn. Bí ẹ bá fi èékánná họ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ sì fi dígí amúǹkantóbi wò ó, ẹ óò rí i pé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ewéko kéékèèké ló fara ti ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tínrín tó dúró láàárín, àwọn pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ sì yí i ká láti ìsàlẹ̀ dókè.

Ó rọrùn láti sọ pé, “Ọ̀pá rèé, ewé rèé.” Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ jù lọ moss, pẹlẹbẹ yẹn kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ègé tíntìntín tó ń para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí. Ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, kò sì sí iṣan kankan nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí ojú ti ń wá gbòǹgbò, irun wẹ́wẹ́ lásán ló wà. Ohun tí irun yẹn ń ṣe jù ni pé ó ń di òkúta tàbí ilẹ̀ mú, kò gbára lé e láti fa omi. Gbogbo ara ni moss fi ń mumi: bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ìrì bá sẹ̀, ibi tí omi bá bà á ló ń gbà wọlé. Àwọn èèyàn ṣì máa ń pe pẹlẹbẹ náà ní ewé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sì sí ìjà níbẹ̀, ìdánwò nìkan ni kò ní gbà á.

Àìní iṣan yìí ló jẹ́ kí moss kúrú. Ká ní kò sí páìpù omi láàárín ìlú, tí àwọn èèyàn wá tò sórí ìlà kan, tí wọ́n ń na garawa síra wọn lọ́wọ́. Omi á dé ilé kejì, á dé ilé kẹta, àmọ́ kò ní dé ilé tó wà lórí òkè ńlá. Bí omi ṣe ń kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sínú èkejì lára moss nìyẹn. Iṣan ni páìpù. Igi redwood kan wà ní California tí wọ́n ń pè ní Hyperion. Gíga rẹ̀ ju mítà 115 lọ, omi sì ń ti inú ilẹ̀ dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Moss tó ga jù láyé, ìyẹn Dawsonia tó ń hù ní Australia àti New Zealand, kò ga ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Òun gan-an sì ti dọ́gbọ́n ní ọ̀nà omi ráńpẹ́ kan nínú ara, tó yàtọ̀ sí iṣan igi.

Liverwort, tó jẹ́ ẹbí moss, kì í tilẹ̀ díbọ́n nígbà mìíràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Marchantia jẹ́ pẹlẹbẹ tútù kan tó sùn mọ́lẹ̀, tó ń yà sí méjì bó ti ń gùn lọ. Kò sí ọ̀pá, kò sí ewé, kò sí gbòǹgbò. Pẹlẹbẹ yẹn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bá mi wo ojú òkè rẹ̀ dáadáa: àwọn ife kéékèèké wà níbẹ̀, àwọn ègé aláwọ̀ ewé sì wà nínú ife náà. Bí ẹ̀kán òjò bá bọ́ sínú ife, á ta àwọn ègé náà dànù, ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù, Marchantia tuntun á hù níbẹ̀. Ẹbí kẹta tún wà, hornwort, tí òun náà jẹ́ pẹlẹbẹ tó ń yọ ohun bí ìwo sókè.

Irú moss, liverwort àti hornwort tí a mọ̀ láyé tó nǹkan bí 20,000. Ní ti àwọn ewéko oníṣan, ìròyìn tí Ọgbà Ewéko Kew ní London gbé jáde ní ọdún 2016 ka nǹkan bí 391,000. Àwọn oníṣan ló pọ̀ jù, ìdí sì nìyẹn tí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n 20,000 ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń gbójú fò lọ.

Mi ò fara mọ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ewéko yìí, àfi bí ẹni pé wọn kò tíì parí wọn. Moss tí wọ́n ń pè ní Sphagnum lè gba omi tó tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n tirẹ̀ nígbà tó gbẹ, débi pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun ni wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ àwọn sójà nígbà tí òwú ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn moss kan tí wọ́n gbẹ́ jáde láti inú ilẹ̀ tó dì gbagidi ní erékùṣù Signy, nítòsí Antarctica. Ó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,500 ọdún. Wọ́n fún un ní omi àti ìmọ́lẹ̀, ó sì tún hù. Igi wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Èwo ló kọ́kọ́ dé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Inú omi ni àwọn babańlá ewéko ti wá. Ohun tó bá ń gbé inú omi kò nílò gbòǹgbò tí á fi wá omi, kò sì nílò ọ̀pá tí á gbé e dúró. Orí ilẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni omi wà, òkè ni ìmọ́lẹ̀ wà.

Àwọn ewéko ayé àtijọ́ tó ti di òkúta fi hàn wá pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dé pọ̀. Cooksonia wà láyé ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 430 sẹ́yìn. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni gíga rẹ̀. Ọ̀pá ni gbogbo ara rẹ̀, ọ̀pá tó ń là sí méjì méjì, tí kò ní ewé kankan. Ní abúlé Rhynie ní Scotland, Dókítà William Mackie rí òkúta kan ní ọdún 1912 tí àwọn ewéko odindi wà nínú rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 407 sẹ́yìn. Omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀, débi pé bí wọ́n bá gé òkúta náà pẹlẹbẹ, sẹ́ẹ̀lì ewéko náà ṣì hàn. Rhynia, ọ̀kan nínú wọn, ní iṣan nínú ọ̀pá rẹ̀, àmọ́ kò ní ewé, kò sì ní gbòǹgbò; irun wẹ́wẹ́ ló fi di ilẹ̀ mú.

Ọ̀pá ló ṣíwájú, nígbà náà. Ewé àti gbòǹgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni, ẹ̀rí sì fi hàn pé ó ju ìdílé ewéko kan lọ tó dá gbòǹgbò tirẹ̀ sílẹ̀ láìgbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ewéko kan wà lónìí tó jọ àwọn ará àtijọ́ yẹn gan-an: Psilotum, tó máa ń hù lára igi àti láàárín àpáta ní ilẹ̀ tó móoru. Ọ̀pá tútù tó ń là sí méjì méjì ni, kò ní gbòǹgbò, ohun tó sì ní dípò ewé kò ju ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ gbà pé ìran Rhynia ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé fern, ìyẹn ewéko oníṣan tí kì í yọ òdòdó, ni ìbátan rẹ̀, fern sì ní gbòǹgbò àti ewé. Àṣé Psilotum kì í ṣe ẹni tí kò ní rí. Ó ní, ó wá pàdánù rẹ̀.

Àwọn tó ní in tẹ́lẹ̀, tí wọ́n jù ú nù

Ẹ̀rí tó dùn wò jù lórí èyí wà lójú omi adágún. Àwọn ewéko tíntìntín kan wà nínú ìdílé kan tí wọ́n máa ń léfòó, tí wọ́n ń bo ojú omi. Spirodela ní ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tó rọ̀ sínú omi. Lemna, ìbátan rẹ̀, ní ẹyọ kan péré. Wolffia kò ní rárá. Kò ní ọ̀pá, kò ní ewé tí a lè yà sọ́tọ̀. Hóró kan tó ní àwọ̀ ewé ni, tí kì í sábà gùn tó mìlímítà kan. Síbẹ̀ ó máa ń yọ òdòdó, nínú ihò kékeré kan tó wà lójú òkè rẹ̀. Kò sí ewéko olódòdó tó kéré tó o. Omi yí i ká, oúnjẹ wà nínú omi náà, kí ni yóò fi gbòǹgbò ṣe?

Bákan náà ni Ceratophyllum, tó ń gbé inú omi láìní gbòǹgbò, tó ń fi ewé àti ọ̀pá fa ohun tó nílò. Utricularia tún yàtọ̀. Kò ní gbòǹgbò; àwọn àpò kéékèèké ló wà lára rẹ̀, bí kòkòrò omi bá fara kan ẹnu àpò náà, àpò á fà á wọlé kí ojú tó ṣẹ́. Ara kòkòrò yẹn ló ti ń rí àwọn èròjà tí ewéko mìíràn ń fi gbòǹgbò wá nínú ilẹ̀.

Kì í ṣe inú omi nìkan. Tillandsia usneoides máa ń rọ̀ dirodiro lára ẹ̀ka igi láti apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà títí dé Argentina. Spanish moss ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe moss rárá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ìbátan rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò kankan bó bá ti dàgbà. Àwọn ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bo ewé rẹ̀ ló ń gba omi òjò àti ti ìkùukùu. Kò sì mu ohunkóhun lára igi tó rọ̀ mọ́.

Orchid kan, ewéko olódòdó tó ń hù lára igi, tún wà ní Florida àti Cuba tó ṣe òdì kejì èyí. Ewé lòun kọ̀ sílẹ̀. Gbòǹgbò aláwọ̀ ewé ló tẹ́ lọ sára èèpo igi, gbòǹgbò náà ló sì ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Bí kò bá sí òdòdó lórí rẹ̀, gbòǹgbò nìkan lojú máa ń rí.

Àwọn tó ń jẹ lára ẹlòmíràn

Afòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹni tó pa òwe yìí ti wo ewéko dáadáa. Afòmọ́ kò ní gbòǹgbò tó dé inú ilẹ̀ lóòótọ́. Ohun kan ló tì bọ inú ẹ̀ka igi tó gbà á lálejò, ibẹ̀ ló ti ń fa omi láti inú iṣan igi náà. Àmọ́ ewé tirẹ̀ tutù, ó sì ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Cuscuta kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òwú pupa rúsúrúsú ni, tó ń lọ́ mọ́ ewéko mìíràn. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó ní gbòǹgbò ráńpẹ́ kan, bó bá sì ti rí ẹni tó máa lọ́ mọ́, gbòǹgbò yẹn á kú. Ewé rẹ̀ kò ju ìpẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí lọ. Báwo ló ṣe ń rí ẹni tó máa lọ́ mọ́? Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi hàn pé òórùn ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n gbé tòmátò àti àlìkámà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, apá tòmátò ló ń dàgbà sí.

Rafflesia ló wá kó gbogbo rẹ̀ dànù. Inú igbó Sumatra, erékùṣù kan ní Indonesia, ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Joseph Arnold àti Stamford Raffles, ti rí i ní ọdún 1818. Òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó nǹkan bí mítà kan, ó sì ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́ kí eṣinṣin lè wá bà á. Ṣùgbọ́n bí òdòdó náà kò bá tíì yọ, kò sí ohun tí ẹ óò rí. Rafflesia kò ní gbòǹgbò, kò ní ọ̀pá, kò ní ewé. Fọ́nrán tínrín ló jẹ́ nínú ara ìtàkùn kan, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, tó ti ń mu, títí ọjọ́ tí òdòdó á bẹ́ jáde.

Ó wà níbẹ̀, àmọ́ ojú kò dá a mọ̀

Ẹgbẹ́ kan ṣẹ́ kù tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, torí wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ewéko aláìní, wọn kò sì yẹ fún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí wọn lára. Wọ́n kàn pa dà ni.

Ẹ̀gún cactus ni ewé rẹ̀. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń sọ omi nù, aṣálẹ̀ kò sì gba ìyẹn, nítorí náà ọ̀pá tó ti wú, tó sì ní àwọ̀ ewé, ló gba iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe.

Ẹ la àlùbọ́sà sí méjì láti orí dé ìdí. Irun gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò. Ohun líle pẹlẹbẹ tí irun náà ti yọ, èyí tí a máa ń gé jù nù, òun ni ọ̀pá. Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìpele funfun tó kù, tó máa ń mú kí ojú ṣomi, ìdí ewé ni wọ́n, oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́ ló jẹ́ kí wọ́n wú. Pòtétò àti ọ̀dùnkún náà máa ń tan èèyàn jẹ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀pá ni pòtétò, gbòǹgbò ni ọ̀dùnkún. Ojú tó wà lára pòtétò ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n: ibi tí ọ̀mùnù ti ń yọ ni, wọ́n sì tò yí i ká bí ọ̀mùnù ṣe ń tò sára ọ̀pá tó wà lókè ilẹ̀. Atalẹ̀ náà, ọ̀pá ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tan èèyàn jẹ jù. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá bẹ́, ìdí sì ni pé kò sí igi nínú rẹ̀. Ìdí ewé ni, tí wọ́n wé mọ́ra wọn fọ́nfọ́n. Bí ẹ bá gé e lábùú, ẹ óò rí wọn ní ìpele-ìpele, ẹ sì lè máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ilẹ̀ ni ọ̀pá tòótọ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń hù jáde. Ìgbà tó bá fẹ́ so nìkan ni ọ̀pá yẹn máa ń gba àárín àwọn ìdí ewé náà gòkè, tí yóò sì yọ lókè pẹ̀lú òdòdó.